Ọ̀rá Inú Ẹ̀jẹ̀ Tí Ó Jẹ́ Àjogúnbá

Láyé àtijọ́, kí ìdílé Yorùbá kan tó fi ọmọ fún ìdílé mìíràn, ìwádìí ni wọ́n kọ́kọ́ ń ṣe. Alárenà a lọ, a bọ̀. Àwọn àgbà a máa bi ara wọn léèrè ní kọ̀rọ̀ pé irú ilé wo ni ọmọ ń lọ. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó ni wọ́n ń wádìí jù. Wọn a béèrè bí ẹ̀tẹ̀ bá wà nínú ìdílé náà, bí wàrápá bá ń mú wọn, bí wèrè bá ti ṣe ẹnì kan wọn rí. Ohun tí ó wà ní ìdí ìwádìí yìí ni ìmọ̀ pé àìsàn a máa bá ẹ̀jẹ̀ rìn láti ọ̀dọ̀ òbí sọ́dọ̀ ọmọ. Ní ti ẹ̀tẹ̀, àwọn àgbà ṣìnà: kòkòrò tí ojú lásán kò lè rí ni ó ń fà á, kì í ṣe ìran. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ náà fúnra rẹ̀ tọ̀nà. Àrùn kan wà tí ó ń bá ẹ̀jẹ̀ rìn ní tòótọ́, tí ìwádìí alárenà kò sì lè rí mú, nítorí pé ẹni tí ó ní i lè jẹ́ àgbẹ̀ tí ó tẹ́ẹ́rẹ́, tí kì í mu ọtí, tí ń roko láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, tí orí kì í sì í fọ́, títí di ọjọ́ tí àyà yóò dùn ún. Àrùn náà ni ọ̀rá àpọ̀jù inú ẹ̀jẹ̀, irú èyí tí ènìyàn ń jogún.

Bí ó bá ti pẹ́, kò ṣòro láti dá irú ilé bẹ́ẹ̀ mọ̀. Bàbá jẹun tán, ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó di àyà mú, ó kú. Kò ju ẹni ọdún 44 lọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti lọ bẹ́ẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, àkọ́bí ọkùnrin tún tẹ̀lé wọn kí ó tó pé 40. Ohun tí ìlú yóò sọ ni pé ọwọ́ ayé ni. Opó ni wọn yóò kọ́kọ́ fura sí, lẹ́yìn rẹ̀ ìyàwó bàbá, lẹ́yìn rẹ̀ ìbátan tí ó ń bá wọn du ilẹ̀. Agbo ilé a sì túká. Àwọn tí wọ́n ní, ‘Ó wà nínú ìdílé wọn,’ ti rí ìdajì òtítọ́. Ìdajì kejì tí wọ́n fi kún un ni ó ń da ilé rú. Òtítọ́ mìíràn sì ni pé kì í ṣe gbogbo ikú òjijì ni ó ti ọ̀dọ̀ àrùn yìí wá. Ẹ̀jẹ̀ ríru ń pa ènìyàn púpọ̀ jù ú lọ. Ṣùgbọ́n níbi tí ọkàn bá ti ń dá àwọn ọmọ ìyá kan náà dúró lọ́kọ̀ọ̀kan ní ọjọ́ orí ìdàgbàsókè, ó yẹ kí a wo ẹ̀jẹ̀ wọn kí a tó wo ojú ará ilé.

Kọlẹsitẹrọ́ọ̀lù ni àwọn oníṣègùn ń pe ọ̀rá tí à ń wí yìí. Ó fara jọ ìda oyin. Ara kò lè ṣe aláìní in: òun ni ó wà lára awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ó yí sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ká, òun ni ẹ̀dọ̀ sì fi ń ṣe omi òróòro. Ara fúnra rẹ̀ ni ó ń ṣe púpọ̀ jù nínú rẹ̀; èyí tí ó ń bá oúnjẹ wọlé kò tó bẹ́ẹ̀. Nítorí pé ọ̀rá kì í yòrò nínú omi, kò lè dá rìn nínú ẹ̀jẹ̀. Àfi kí a dì í lẹ́rù. Ẹrù tí ọ̀rọ̀ yìí kàn jù lọ ni èyí tí wọ́n ń pè ní LDL.

Ọjà ńlá ni ẹ̀jẹ̀ dà bí ní ọjọ́ ọjà. Àwọn alábàárù ń ru ẹrù káàkiri, ṣùgbọ́n bí alábàárù bá dé ẹnu ìsọ̀, ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ tí yóò bá a sọ ẹrù kalẹ̀. Ẹ̀dọ̀ ni ìsọ̀ tí ó tóbi jù nínú ọjà yìí, àwọn tí ń sọ ẹrù sì pọ̀ lọ jàǹtìrẹrẹ ní ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Bí iye wọn bá dín sí ìdajì, àwọn alábàárù a máa rìn kiri tàwọn tẹrù lórí, ọ̀nà a há, ẹrù a sì bẹ̀rẹ̀ sí í já sílẹ̀ sí ẹ̀bá ọ̀nà. Ẹ̀bá ọ̀nà yìí ni ara iṣan ẹ̀jẹ̀, pàápàá àwọn iṣan tín-ín-rín tí ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ fún ọkàn fúnra rẹ̀. Ọ̀rá a lẹ̀ mọ́ ibẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láti ìgbà èwe. Ẹni tí ó ni ara kò ní mọ nǹkan kan.

Ohun tí ń pàṣẹ iye àwọn tí ń sọ ẹrù wà nínú àkọsílẹ̀ kékeré kan tí sẹ́ẹ̀lì ara ní, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní jíìnì. Ẹ̀dà méjì ni olúkúlùkù ní, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ bàbá, èkejì láti ọ̀dọ̀ ìyá. Bí ẹ̀dà kan bá bàjẹ́, ìdajì àwọn tí ń sọ ẹrù kò ní sí lẹ́nu iṣẹ́. Níbí ni àrùn yìí ti yàtọ̀ sí fòníkú-fọ̀ládìde, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti mọ̀ nítorí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń béèrè kí wọ́n tó so tọkọtaya pọ̀. Ẹni tí ó gba ẹ̀dà kan ṣoṣo nínú ti fòníkú-fọ̀ládìde, ara rẹ̀ dá. Ó di ìgbà tí ẹ̀dà méjì bá pàdé nínú ọmọ kan kí àìsàn náà tó mú un. Ní ti ọ̀rá àjogúnbá, ẹ̀dà kan ti tó. Bí òbí kan bá ní i, ọmọ kọ̀ọ̀kan dà bí owó ẹyọ kan tí a dà sílẹ̀: ó lè dojú dé, ó lè ṣíjú sókè. Ọmọ mẹ́rin inú ilé kan lè bọ́ pátápátá. Gbogbo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì lè gbà á, nítorí owó ẹyọ kì í rántí bí ó ti ṣubú tẹ́lẹ̀. Ọkùnrin ń jogún rẹ̀, obìnrin ń jogún rẹ̀, kò sì sí èyí tí kò lè fi lé ọmọ lọ́wọ́.

Nínú ènìyàn 250 sí 300 káàkiri àgbáyé, ẹnì kan yóò ní i. Láàrin àwọn Afrikaner ní Gúúsù Áfíríkà, ó pọ̀ tó ẹnì kan nínú 70 sí 100. Àwọn ènìyàn díẹ̀ láti Nẹ́dálándì àti ilẹ̀ Faransé tí wọ́n tẹ̀dó sí Cape lẹ́yìn ọdún 1652 ni ó gbé e dé ibẹ̀, ìran wọn sì ń fẹ́ ara wọn láti ìgbà náà. Ọmọ tí ó bá gba ẹ̀dà bíbàjẹ́ lọ́wọ́ bàbá àti ìyá ni ọ̀rọ̀ tirẹ̀ burú jù. Àrùn ọkàn lè mú un kí ó tó pé ogún ọdún. Níbi tí àwọn ìbátan a ti máa fẹ́ ara wọn ni irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ti wọ́pọ̀. Àwọn baba ńlá Yorùbá tí wọ́n ka fífẹ́ ìbátan léèwọ̀ kò mọ ohun kan nípa jíìnì, ṣùgbọ́n odi tí wọ́n mọ náà wúlò níhìn-ín.

Ìtàn bí wọ́n ti mọ ìdí àrùn yìí gùn, ó sì dùn. Ní ọdún 1938, oníṣègùn ará Norway kan, Carl Müller, kọ ìwé nípa ìdílé 17 tí ó yẹ̀ wò. Ohun mẹ́ta ni ó rí tí wọ́n ń rìn pọ̀ nínú àwọn ìdílé náà: kókó aláwọ̀ ìyeyè lára iṣan àti lára awọ, ọ̀rá àpọ̀jù nínú ẹ̀jẹ̀, àti ìrora àyà. Ní ọdún 1964, ní Beirut, Avedis Khachadurian fi àwọn ìdílé ará Lebanon hàn ní ọ̀nà mẹ́ta: àwọn tí wọn kò ní i rárá, àwọn tí wọ́n ní ẹ̀dà kan, àti àwọn tí wọ́n ní méjì, tí ọ̀rá tiwọn ju ti gbogbo àwọn tí ó kù lọ. Ṣùgbọ́n kò tíì sí ẹni tí ó mọ ohun tí ó bàjẹ́ gan-an. Àwọn ọ̀rẹ́ méjì ní Dallas ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, Michael Brown àti Joseph Goldstein, ni wọ́n rí i. Wọ́n gba awọ díẹ̀ lára àwọn ọmọ tí wọ́n ní ẹ̀dà méjì, wọ́n sin sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ nínú ìgò, wọ́n sì fi í wé ti ẹni tí ara rẹ̀ dá. Sẹ́ẹ̀lì ẹni tí ara rẹ̀ dá ń gba ẹrù LDL wọlé. Ti àwọn ọmọ náà kò mọ̀ ọ́n gbà. Bí wọ́n ti ṣe mọ̀ nípa àwọn tí ń sọ ẹrù nìyẹn, ní nǹkan bí ọdún 1974. Wọ́n gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1985.

Ẹni kẹta nínú ìtàn yìí kò gba ẹ̀bùn Nobel títí ó fi kú ní ọdún 2024, bẹ́ẹ̀ ó sì tọ́ sí i. Akira Endo ni, ọmọ àgbẹ̀ láti àríwá Japan. Láti ọdún 1971, òun àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Tokyo yẹ irú ohun tí ń hù sára oúnjẹ tí ó bu wò, ó lé ní 6,000, bóyá ọ̀kan nínú wọn lè mú èròjà jáde tí yóò dá ṣíṣe ọ̀rá dúró. Ní ọdún 1973, wọ́n rí i lára ìrẹsì kan láti Kyoto. Ìbátan èyí tí ó fún ayé ní pẹnisílíìnì ni. Ní ọdún 1978, ní Osaka, Akira Yamamoto fi oògùn náà tọ́jú ọmọbìnrin ẹni ọdún 18 kan tí ó ní ẹ̀dà bíbàjẹ́ méjì. Ọ̀rá rẹ̀ wálẹ̀, ṣùgbọ́n ẹran ara rẹ̀ rọ, wọ́n sì ní láti dín oògùn náà kù. Státíìnì ni orúkọ tí a mọ irú oògùn bẹ́ẹ̀ sí lónìí. Ọdún 1987 ni ìjọba Amẹ́ríkà kọ́kọ́ fi àṣẹ sí ọ̀kan nínú wọn.

Ọ̀nà tí ó ń gbà ṣiṣẹ́ yẹ ní mímọ̀, nítorí òun ni ó fi hàn ìdí tí kò fi yẹ kí a dá oògùn náà dúró. Ó ń dí ẹ̀dọ̀ lọ́wọ́ kí ó má lè ṣe ọ̀rá tirẹ̀ bí ó ti fẹ́. Nígbà tí ẹ̀dọ̀ bá rí i pé ọ̀rá òun kò tó mọ́, á fi kún àwọn tí ń sọ ẹrù ní ẹnu ọ̀nà kí wọ́n lè gba ti inú ẹ̀jẹ̀ wọlé. Ẹ̀dà jíìnì kan tí ó dára wá ń ṣe iṣẹ́ méjì. Ẹni tí kò ní ẹ̀dà dáradára kankan, ìrànlọ́wọ́ díẹ̀ ni yóò rí gbà níbẹ̀. Irú rẹ̀ ni Stormie Jones, ọmọdébìnrin ẹni ọdún 6 láti Texas, tí ọ̀rá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ju mílígíráàmù 1,000 lọ nínú dẹsilítà kan. Ní oṣù kejì ọdún 1984, ní Pittsburgh, wọ́n fi ọkàn àti ẹ̀dọ̀ ẹlòmíràn rọ́pò tirẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀dọ̀ tuntun náà ní àwọn tí ń sọ ẹrù. Ọ̀rá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì wálẹ̀ gidigidi. Ó gbé ọdún mẹ́fà sí i láyé.

Ìran Áfíríkà náà ní ipa nínú ìtàn yìí. Ní ọdún 2003, àwọn onímọ̀ ní Paris rí jíìnì mìíràn, PCSK9, tí ń pa àwọn tí ń sọ ẹrù run bí ó bá ti ń ṣiṣẹ́ ju bí ó ti yẹ lọ. Ní ọdún 2005 àti 2006, wọ́n rí i ní Dallas pé nínú 100 adúláwọ̀ Amẹ́ríkà, ó tó ènìyàn méjì tí jíìnì yìí kò ṣiṣẹ́ lára wọn. LDL tiwọn fi nǹkan bí 28 nínú 100 kéré sí ti àwọn ẹgbẹ́ wọn, àrùn ọkàn sì jìnnà sí wọn. Àwọn náà jogún tiwọn. Láti ara ohun tí Ọlọ́run fi fún wọn yìí ni wọ́n ti rí ọgbọ́n ṣe oògùn alábẹ́rẹ́ tí ó jáde ní ọdún 2015, tí ń fa LDL wálẹ̀ ní nǹkan bí 60 nínú 100. Ó wọ́n lówó púpọ̀.

Ìwádìí kan tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1992 fi àwọn àgbàlagbà Yorùbá ní Ìbàdàn wé àwọn adúláwọ̀ ní Indianapolis. Ọ̀rá ẹ̀jẹ̀ àwọn ará Ìbàdàn ni ó kéré. Irú ìròyìn báyìí a máa mú kí ènìyàn rò pé àìsàn òyìnbó ni. Ìrònú tí ó léwu ni. Iye tí ó wà láàrin ìlú kì í dáàbò bo ilé kan ṣoṣo tí ẹ̀dà bíbàjẹ́ wà. Bí ọmọ ilé náà bá sì ṣí lọ sí London tàbí Houston, tí oúnjẹ rẹ̀ yí padà, ohun tí ó sùn lára rẹ̀ lè jí. Nítorí náà, ó lè jẹ́ òkè òkun ni wọn yóò ti kọ́kọ́ rí i lára ọmọ kan, nígbà tí àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ nílé kò tíì yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò rí.

Àwọn àmì kan wà tí ojú lè rí: iṣan ẹ̀yìn gìgísẹ̀ tí ó nípọn tí ó sì le, kókó lára iṣan ẹ̀yìn ọwọ́, òrùka funfun yí ẹyinjú ká lára ẹni tí kò tíì pé 45. Ọ̀pọ̀ tí wọ́n ní àrùn náà kò ní àmì kankan. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni ó dájú. Bí LDL àgbàlagbà bá ju mílígíráàmù 190 lọ nínú dẹsilítà kan, tí ìbátan rẹ̀ kan sì ti ní àrùn ọkàn lọ́jọ́ orí kékeré, ó yẹ kí dókítà fura. Yóò kọ́kọ́ wo kíndìnrín rẹ̀, nítorí àìsàn kíndìnrín náà a máa gbé ọ̀rá sókè. Láìsí ìtọ́jú, ìdajì àwọn ọkùnrin tí wọ́n ní i ni àrùn ọkàn yóò mú kí wọ́n tó pé 50, àti 30 nínú 100 obìnrin kí wọ́n tó pé 60.

Ní ti ìtọ́jú, oúnjẹ ni gbogbo ènìyàn ń sọ, bóyá nítorí pé òun ni ó rọrùn láti fi dá ènìyàn lẹ́bi. Ó dára kí ẹni tí ó ní i dín ẹran ọlọ́ràá, bọ́tà àti òróró àgbọn kù, kí ó má ṣe da epo sí ọbẹ̀ bí ẹni da omi, kí ó sì máa jẹ ẹ̀wà, ewébẹ̀ àti èso. Kí ó má fẹnu kan sìgá rárá. Síbẹ̀, oúnjẹ nìkan kò lè fà á wálẹ̀ tó. Ẹni tí ó bá ń kọ ẹyin tí kò sì lo oògùn ń fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá ni. Státíìnì tí ó lágbára lè dín LDL kù sí ìdajì. Bí kò bá tó, wọn a fi oògùn kejì kún un, ezetimibe, tí kì í jẹ́ kí ìfun fa ọ̀rá mọ́ra. Títí ọjọ́ ayé ni wọ́n ń lò ó. Ẹni tí ó lò ó fún oṣù mẹ́ta, tí nọ́ńbà rẹ̀ wálẹ̀, tí ó wá sọ pé òun ti sàn, tí ó sì dá a dúró, láàrin ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ni ọ̀rá náà yóò padà sí ibi tí ó wà. Àgbo kò lè tún ẹ̀dà jíìnì ṣe. Bí ẹnì kan bá sì ń mu ún, kí ó sọ fún dókítà rẹ̀, nítorí ẹ̀dọ̀ kan náà ni àgbo àti oògùn ń gbà kọjá. Ẹni tí ẹran ara ń ro kí ó padà lọ kí wọ́n pàrọ̀ oògùn rẹ̀. Obìnrin tí ó bá ń retí oyún gbọ́dọ̀ sọ ọ́ ṣáájú, nítorí wọ́n sábà máa ń dá státíìnì dúró nígbà náà.

Ìwádìí kan ní Amsterdam fi èrè ìtọ́jú hàn ju gbogbo àlàyé lọ. Láàrin ọdún 1997 àti 1999, wọ́n mú ọmọ 214 tí wọ́n ní ọ̀rá àjogúnbá, ẹni ọdún 8 sí 18, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fún wọn ní státíìnì. Lẹ́yìn ogún ọdún, wọ́n tún wá wọn lọ. Ìròyìn náà jáde ní ọdún 2019. Kí wọ́n tó pé 39, ẹnì kan nínú 100 ni àrùn ọkàn tàbí ti iṣan ẹ̀jẹ̀ mú. Nínú àwọn òbí wọn tí wọ́n ní irú ẹ̀jẹ̀ kan náà, 26 nínú 100 ni ó ti mú ní ọjọ́ orí yẹn, nítorí pé kò tíì sí oògùn náà nígbà èwe wọn. Nínú àwọn òbí, 7 nínú 100 ti kú kí wọ́n tó pé 39. Nínú àwọn ọmọ, kò sí ẹyọ ẹnì kan.

Àwọn ará Nẹ́dálándì kò dúró kí aláìsàn wá bá wọn. Láti ọdún 1994 ni àwọn nọ́ọ̀sì wọn ti bẹ̀rẹ̀ sí í tọpa: bí wọ́n bá rí ẹnì kan, wọn a béèrè àwọn òbí rẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀, àwọn tí wọ́n jọ jẹ́ ọmọ ìyá, wọn a sì bá wọn délé. Ju 20,000 ènìyàn lọ ni wọ́n rí lọ́nà yìí. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ìpàdé ẹbí ti wà nílẹ̀ tí ó lè ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ohun tí ń dí i lọ́wọ́ ni ìbẹ̀rù ìwádìí alárenà náà: ta ni yóò fẹ́ ọmọ wa bí wọ́n bá gbọ́? Bẹ́ẹ̀ ni bàbá ń fi nọ́ńbà tirẹ̀ pamọ́ sínú àpótí, tí àwọn ọmọ rẹ̀ sì ń fi ọkàn wọn san án.

Bí wọ́n bá sì máa sọ ọ́, kí wọ́n má ṣe kà á mọ́ ìdílé bàbá nìkan. Ọmọbìnrin ilé tí ó ti lọ sílé ọkọ lè ti gbé e lọ, àwọn ọmọ rẹ̀ tí wọ́n ń jẹ́ oríkì ilé mìíràn sì lè ní i. Àwọn ni wọ́n sábà máa ń gbàgbé nígbà tí ìwé ìpè bá ń lọ. Ọmọ tí òbí rẹ̀ kan bá ní i, kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò kí ó tó pé ọdún 10. Bí ó bá jẹ́ òbí méjèèjì ni, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò kí ó tó pé ọdún 5. Abẹ́rẹ́ kan ní apá ni, ẹ̀jẹ̀ tí wọn yóò fà kò sì kún ṣíbí ìmutíì kan.